Ọwọ́ Kejì Nínú Iṣẹ́ Òṣùpá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wá, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ òṣùpá ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n n kò ní sọ púpọ̀ nípa òṣùpá fúnra rẹ̀. Àwọn kọngílá tó ń du iṣẹ́ ọkọ̀ tí ènìyàn yóò gùn balẹ̀ síbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣí ìwé tẹ́ńdà, mo sì mọ bí ojú kọngílá ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ ẹlòmíràn. Gbogbo wa la máa ń rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí: ẹni tó wọlé wọlé, àwọn yòókù ká ìwé wọn, wọ́n gbalé lọ. Ìtàn ọkọ̀ òṣùpá ló yí èrò mi padà. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ìjọba tó bá fi iṣẹ́ tó le tó báyìí lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, tó sì lé àwọn yòókù lọ kí owó má bàa pọ̀, ewu ló fi owó náà rà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e láti 1962. Ààrẹ Kennedy ti ṣèlérí lọ́dún tó ṣáájú pé kí ẹ̀wádún náà tó parí, ọmọ Amẹ́ríkà yóò tẹ òṣùpá yóò sì padà wálé láyọ̀. Báwo ni wọn yóò ṣe é? Àwọn ògbóǹtarìgì kan fẹ́ kan ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo tí yóò balẹ̀ tòun ti gbogbo ẹrù rẹ̀, tí yóò sì tún gbéra padà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ John Houbolt, ní ilé iṣẹ́ NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn-àjò òfurufú, èyí tó wà ní Langley ní Virginia, fi àáké kọ́rí pé ọ̀nà yẹn kò lè yọrí sí rere. Tirẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ ńlá máa yípo òṣùpá lókè, kí ọkọ̀ kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ láti ara rẹ̀, kó ṣe ohun tó bá lọ ṣe, kó gòkè padà wá bá a, kí wọ́n sì jù ú nù. Wọ́n kọ etí ikún sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ó fo gbogbo ọ̀gá rẹ̀ dá, ó kọ̀wé tààrà sí Robert Seamans, ọ̀kan nínú àwọn olórí àgbà NASA, ó bi í léèrè bóyá wọ́n fẹ́ lọ sí òṣùpá àbí wọn kò fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1962, NASA kéde pé ọ̀nà Houbolt làwọn yóò gbà.

Bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ báyìí ni iṣẹ́ tuntun kan yọjú tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí: ọkọ̀ òfurufú tí kò ní fò nínú afẹ́fẹ́ rárá. NASA pe ilé iṣẹ́ 11 sí tẹ́ńdà, 9 sì dáhùn: Boeing, Douglas, General Dynamics, Grumman, Ling-Temco-Vought, Lockheed, Martin Marietta, Northrop àti Republic. Ohun kan wà nínú tẹ́ńdà yẹn tí mo fẹ́ràn gidigidi. Wọn kò ní kí kọngílá gbé àwòrán ọkọ̀ tó parí wá. Ìbéèrè bí ogún ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì fi ìwọ̀n sí iye ojú ìwé tí ènìyàn lè kọ. Orí ni wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n mọ̀ pé àwòrán yòówù kí ẹnikẹ́ni yà lọ́dún yẹn, yóò yí padà kó tó di irin.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1962, wọ́n pe orúkọ Grumman, ilé iṣẹ́ tó wà ní Bethpage ní Long Island, nítòsí ìlú New York. Ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun orí omi ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Ọdún kan péré ṣáájú ìgbà náà, Grumman yìí kan náà ti du iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá Apollo, orúkọ tí wọ́n fún ètò òṣùpá náà, ó sì ti fìdí rẹmi. North American ló gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bethpage kò ká ìwé wọn. Wọ́n ń fi owó àpò ara wọn ṣèwádìí ọ̀nà tí Houbolt ń pariwo rẹ̀, nígbà tí NASA fúnra rẹ̀ kò tíì gbà fún un. Nítorí náà, nígbà tí ìbéèrè dé, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Olórí àwọn ẹnjiníà wọn lórí iṣẹ́ náà ni Thomas Kelly. Ọ̀tá tó bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwọ̀n. Gbogbo kílò kan tí ọkọ̀ kékeré bá fi sanra, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e láti ayé yóò san án ní ọ̀pọ̀ epo. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Nínú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀, àga méjì wà nínú rẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò méjì, fèrèsé sì tóbi gidigidi. Ẹni tó bá jókòó, ojú rẹ̀ jìnnà sí gíláàsì, ìdí nìyẹn tí gíláàsì fi gbọ́dọ̀ tóbi kó tó lè rí ìsàlẹ̀. Gíláàsì sì wúwo. Ẹnì kan wá béèrè pé kí ni àga ń ṣe níbẹ̀? Bí ara bá ṣe wúwo tó níhìn-ín, ìdá mẹ́fà rẹ̀ péré ni yóò jẹ́ lórí òṣùpá. Ẹsẹ̀ ènìyàn yóò gba gbogbo jìgìjìgì ìbalẹ̀ mọ́ra. Wọ́n yọ àga. Ẹni tó dúró lè fi ojú sún mọ́ gíláàsì, nítorí náà fèrèsé di kékeré onígun mẹ́ta. Ìpinnu kan ṣoṣo, ẹrù méjì ti kúrò. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó jẹ́ márùn-ún di mẹ́rin. Wọ́n fá ògiri yàrá àwọn arìnrìn-àjò títí ó fi tín-ín-rín, níbòmíràn kò ju ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lọ. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi wọn irin, mo ṣì ń rò ó títí di òní: ìyẹn nìkan ló wà láàárín ẹ̀mí ènìyàn àti òfìfo. Gbogbo ọkọ̀ náà tòun ti epo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 15 lọ.

Ọkọ̀ náà nílò ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan fún ìsọ̀kalẹ̀, ọ̀kan fún ìgbéra. Ti ìsọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò ná. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbà náà dà bí ìṣáná: o ṣá a, ó jó, ó tán. Èyí tí Grumman ń wá gbọ́dọ̀ ṣeé rọ̀ sílẹ̀ kó sì ṣeé fi sókè bí iná sítóòfù, láti ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ títí dé góńgó, nítorí pé ẹni tó ń wá ibi tó tẹ́jú láti balẹ̀ sí ní láti lè rọra rábàbà. Rocketdyne ni wọ́n gbé e fún ní 1963. Ọgbọ́n tiwọn ni pé kí gáàsì hílíọ̀mù máa dà pọ̀ mọ́ epo kí agbára lè dín kù. NASA kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ mìíràn máa ṣe tirẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni kejì yẹn ni Space Technology Laboratories ní California, tó di TRW lẹ́yìn náà. Àwọn wọ̀nyí ń fún ẹnu ibi tí epo ti ń jáde pọ̀, wọ́n sì ń là á, bí a ti ń yí táàpù omi.

Báyìí ni wọ́n ń san owó iṣẹ́ kan ṣoṣo fún kọngílá méjì fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Ẹni tó bá wo ìwé ìnáwó yẹn lásán yóò ní ìnákúnàá ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1965, Grumman ní Rocketdyne ló wu àwọn. NASA tún iṣẹ́ àwọn méjèèjì yẹ̀ wò fínnífínní, ó yí ìpinnu náà padà, ó ní ẹni kejì ni yóò ṣe é. Rocketdyne pàdánù. Ẹ́ńjìnnì onítáàpù yẹn ló sọ ọkọ̀ kalẹ̀ nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ènìyàn balẹ̀ sórí òṣùpá. Òun náà ló ti àwọn ará Apollo 13 sọ́nà ilé ní oṣù kẹrin ọdún 1970, nígbà tí àgbá ọ́síjìn bú gbàmù nínú ọkọ̀ ńlá tí ẹnikẹ́ni kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì ti ìyẹn mọ́. Bí ẹ bá rántí orúkọ Rocketdyne, ẹ fi í pamọ́ sọ́wọ́. A máa padà bá a.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí ìdíje bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló ṣe Sófíẹ́ẹ̀tì, tó ń bá Amẹ́ríkà du òṣùpá nígbà náà? Àwọn náà díje, kódà wọ́n díje jù. Sergei Korolev, Vladimir Chelomei àti Mikhail Yangel, olúkúlùkù ló ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ àti alátìlẹ́yìn tirẹ̀ nínú ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, ìjọba pín iṣẹ́: Korolev ni yóò balẹ̀ sórí òṣùpá, Chelomei ni yóò gbé ènìyàn yí i po. Owó pín sí ọ̀nà méjì. Valentin Glushko, ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì kàn jù níbẹ̀, bá Korolev jà lórí irú epo tí wọn yóò lò, ìjà náà kò sì parí. Ni Korolev bá gba ọ̀dọ̀ Nikolai Kuznetsov lọ, ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàlúù. Ẹ́ńjìnnì tiwọn kéré, nítorí náà 30 ni wọ́n kó sí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì N1. Korolev kú ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yin N1 láàárín 1969 sí 1972. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bàjẹ́. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ ìbalẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní LK, tí ènìyàn kan ṣoṣo yóò gùn, ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n dán an wò lófìfo lókè ayé ní 1970 àti 1971. Kò rí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé e débẹ̀. Àwọn kọngílá wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ kan láàárín wọn tí gbogbo wọn yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n fo ọdún púpọ̀ kọjá. Àdéhùn Grumman dà bí ti ẹni tó ń kọ́lé tó ń ra yanrìn àti símẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, tó wá ń san owó iṣẹ́ fún bíríkìlà: iye tó bá ná wọn ni ìjọba yóò san, pẹ̀lú èrè lórí rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 388 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò sí. Kó tó parí, ó ti lé ní bílíọ̀nù 2. Nígbà tí NASA tún fẹ́ padà sí òṣùpá lábẹ́ ètò Artemis, wọ́n ní kí kọngílá sọ iye kan pàtó, kó sì dúró lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi tí a dá fún wọn, a ó san èyí tó tọ́ sí ibẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́ kù tàbí kò tó, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020, NASA mú ilé iṣẹ́ mẹ́ta: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Blue Origin gba mílíọ̀nù 579 dọ́là láti fi ṣètò, Dynetics ti ìlú Huntsville ní Alabama gba mílíọ̀nù 253, SpaceX gba mílíọ̀nù 135. Ìdáhùn mẹ́ta tí kò jọra wọn rárá. Ti Blue Origin jọ ti Apollo, alápá mẹ́ta, tí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò kàn, pẹ̀lú àkàbà gígùn kan tí ènìyàn yóò máa gùn tòun ti ẹ̀wù ńlá lọ́rùn. Ti Dynetics wà nílẹ̀ bí ìjàpá, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni láti ẹnu ọ̀nà dé ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹwà iṣẹ́ nìkan ni, òun ni mo bá mú. Ti SpaceX ga tó mítà 50, yàrá rẹ̀ wà lókè réré tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ agbéniròkè ni yóò máa sọ ènìyàn kalẹ̀, ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn sì gbọ́dọ̀ gbé epo lọ bá a lókè ayé kó tó lè gbéra lọ sí òṣùpá.

Gbogbo ayé ló ń retí pé wọn yóò mú méjì. NASA tọrọ nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.3 dọ́là fún iṣẹ́ náà fún ìnáwó ọdún 2021. Àwọn aṣòfin fún un ní mílíọ̀nù 850. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé iye owó, SpaceX ní bílíọ̀nù 2.89, Blue Origin ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 6, ti Dynetics sì lé ní 9. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2021, NASA mú SpaceX nìkan. Kathy Lueders, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá NASA, ló fọwọ́ sí ìwé ìpinnu náà, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá máa yẹ tẹ́ńdà wò láyé rẹ̀ pé kó wá a kà. Kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní ọkọ̀ Dynetics ti wúwo ju ohun tó gbọ́dọ̀ wúwo lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń yà á, àìsàn Grumman nìyẹn, tí wọn kò tíì rí oògùn rẹ̀. Ó ní Blue Origin béèrè owó àsansílẹ̀ tí òfin tẹ́ńdà kò gbà láyè. Ti SpaceX, ó sọ ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, pàápàá ọ̀rọ̀ epo gbígbé lókè yẹn, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní àmì tó ga jù lórí bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́.

Blue Origin àti Dynetics gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì GAO tó ń ṣọ́ bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń náwó. Iṣẹ́ dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, Jeff Bezos tó ni Blue Origin kọ lẹ́tà ní gbangba pé òun yóò fi iye tó tó bílíọ̀nù 2 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n lè mú àwọn náà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, GAO ní NASA kò ṣẹ̀. Blue Origin tún lọ sílé ẹjọ́; adájọ́ dá wọn lẹ́bi ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Èmi kò bá wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdájọ́ tẹ̀lé òfin, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé kò yẹ kí irú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, òótọ́ ni, ẹnu yòówù kó ti jáde. Mo ti rí iṣẹ́ omi ìlú kan tí a gbé fún kọngílá kan ṣoṣo nítorí pé iye rẹ̀ ló kéré jù. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́, a kò lẹ́ni tá a lè pè. Àwọn tó díje pẹ̀lú rẹ̀ ti tú ọmọ iṣẹ́ wọn ká. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń gbé garawa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá omi tí kò sun. Èmi ló fọwọ́ sí ìwé tẹ́ńdà náà, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

NASA pàápàá kò fẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ṣí tẹ́ńdà mìíràn, ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n sì gbé iye tó tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là fún Blue Origin, tó ní òun yóò fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un láti àpò òun. Wọ́n ti ju ọkọ̀ alápá mẹ́ta nù. Tuntun, Blue Moon, ga tó mítà 16, yàrá àwọn arìnrìn-àjò sì ti bọ́ sísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó wà, ẹ̀kọ́ tí Dynetics fi kọ́ gbogbo ayé. Háídrójìn olómi ni yóò máa lò, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 253 nísàlẹ̀ òdo kó má baà hó tán lójú ọ̀nà.

Ẹ wá wo àwọn orúkọ tó wà lẹ́yìn Blue Origin lọ́jọ́ yẹn. Boeing wà níbẹ̀. Lockheed Martin wà níbẹ̀, Lockheed àti Martin Marietta tó ti di ọ̀kan láti 1995. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló pàdánù fún Grumman ní 1962! Grumman ńkọ́? Northrop, tí òun náà pàdánù lọ́jọ́ kan náà, ló rà á ní 1994. Northrop Grumman wà pẹ̀lú Blue Origin ní 2020 tí wọ́n kùnà, ó lọ bá Dynetics fún tẹ́ńdà ti 2023, wọ́n sì tún kùnà. Draper, àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ní MIT ṣe ẹ̀rọ atọ́nà fún Apollo, wà lẹ́yìn Blue Origin náà. Ọgọ́ta ọdún ó lé kan, ìdílé kan náà ló ṣì ń du iṣẹ́ kan náà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Sean Duffy, tó ń di ipò olórí NASA mú nígbà náà, sọ ní gbangba pé SpaceX ti pẹ́ jù, àti pé òun yóò tún ṣí iṣẹ́ Artemis III, ìrìn-àjò tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn fi tún balẹ̀ sórí òṣùpá nígbà náà, fún ìdíje. SpaceX fèsì pé àwọn ti parí 49 nínú àwọn ibi tí wọ́n dá fún àwọn, pé owó ara àwọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ń ná. Òótọ́ ni pé títí ọdún náà fi parí, wọn kò tíì gbé epo láti inú Starship, ọkọ̀ ńlá wọn yẹn, kan sínú òmíràn lókè ayé. Èwo ló máa ṣíwájú, n kò fi orí mi dá a. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Duffy rí ẹnì kan wò nígbà tó sọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé NASA ti fi owó di ọwọ́ kejì mú ní 2023. Ká ní ìpinnu 2021 ni wọ́n dúró lé lórí, òfìfo ni ìbá máa halẹ̀ mọ́.

Mo ṣèlérí pé a ó padà bá Rocketdyne. Ẹ́ńjìnnì kejì nínú ọkọ̀ Grumman, èyí tó ń gbé ènìyàn kúrò lórí òṣùpá, ilé iṣẹ́ Bell ní New York ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ìkejì nínú ọkọ̀. Bí kò bá gbiná, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì yóò kú sí. Bell ń dán an wò nípa fífi ìbúgbàmù kékeré kan sínú iná rẹ̀ nígbà tó ń jó, kí wọ́n wò bóyá iná náà yóò rọlẹ̀ padà. Nígbà mìíràn kì í rọlẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni ínjẹ́ktọ̀, apá tó ń fọ́n epo sínú iná. Ní 1967, NASA tún pe ọwọ́ kejì kó wá ṣe ínjẹ́ktọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bell. Ẹni tí wọ́n pè ni Rocketdyne, tí wọ́n ti gba iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ìsọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú. Ní 1968 wọ́n pinnu: ẹ́ńjìnnì Bell, ínjẹ́ktọ̀ Rocketdyne.

Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ti parí iṣẹ́ wọn níta, wọ́n ti padà wọlé. Aldrin rí orí bọ́tìnì kan tó ti kán bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá kóńkó yẹn. Bọ́tìnì tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì ìgbéra tó lè gbiná ni. Ó fi orí kálàmù kan tì í wọlé, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago méje alẹ́ lù ní Nàìjíríà, iná ràn. Epo gba inú ínjẹ́ktọ̀ Rocketdyne kọjá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méje, láìsé, láìmì, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yípo òṣùpá, níbi tí Michael Collins ti ń dá nìkan retí wọn.